Bàbá wa ò rí ìtọ̀ tọ̀, PSA wọn sì jáde ní 11.3: ṣé jẹjẹrẹ ni?

Àdùkẹ́_Ògbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni ọdún 68 ni bàbá wa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń jí lóru lọ tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, a ní àgbà ló dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú wọn, wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, nígbà tó fi máa di òru ọjọ́ kejì, ìtọ̀ ò jáde mọ́ rárá. Ìsàlẹ̀ inú wọn wú, wọ́n ń pariwo. A gbé wọn lọ sí ọsibítù aládàáni kan, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ wọ́n, ìtọ̀ tó jáde lé ní lítà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, PSA jáde ní 11.3. Sikáànù ní prọ́sítéètì wọn jẹ́ 94 mL.

Ẹni tó fún wa ní èsì náà kàn wo ìwé, ó ní kò yẹ kó ju 4 lọ, pé jẹjẹrẹ ni. Ó tán. Màmá wa ò dákẹ́ ẹkún látìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, òun máa wá owó ká gbé wọn lọ sí Íńdíà. Àbúrò màmá wa ti gbé ìkòkò àgbo dé. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Aṣọ́ru

Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá wa rẹ màmá lẹ́kún. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ìwé èsì yìí kì í ṣe àjèjì sí mi.

PSA nìkan ò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni. Èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni, prọ́sítéètì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bó ti wù kí ara rẹ̀ dá tó. Ẹ̀yà ara kékeré kan ni, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà ọ̀dọ́, kò ju kóró àsálà kan lọ. Bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà ló ń tóbi, tó bá wá tóbi sínú, á fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Títóbi yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè ní méjèèjì pọ̀. Ohun yòówù tó bá da prọ́sítéètì láàmú, PSA á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀: tó bá tóbi, tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, tí ìtọ̀ bá há, tí wọ́n bá ki rọ́bà gba àárín rẹ̀. Bàbá yín ní púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ mọ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí lẹ fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn sọ?

N kò sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tíì sí ẹni tó lè mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n tọ́jú kòkòrò tí wọ́n bá bá níbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tó tún PSA ṣe.

Oògùn ọ̀fìnkìn yẹn náà ò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Pseudoephedrine tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fún ẹnu àpò ìtọ̀ pọ̀. Àwọn tó ń mú ni sùn, bíi Piriton, máa ń sọ agbára àpò ìtọ̀ di ọ̀lẹ. Ọkùnrin tí prọ́sítéètì rẹ̀ ti tóbi ò gbọdọ̀ kàn rà á lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà láìbéèrè.

Ẹ dá mi lóhùn lórí ìwọ̀nyí: ṣé wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò? Ṣé dókítà ti fi ìka yẹ prọ́sítéètì náà wò láti ìdí? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá ti ní in rí? Ẹ̀yìn tàbí egungun ìbàdí ń dùn wọ́n bí?

Tí ibà bá gbé wọn, tàbí tí ìtọ̀ ò bá sàn sínú báàgì mọ́, ẹ má dúró de ìdáhùn kankan níbí. Ọsibítù ni lóru yẹn náà.

Ewé_àti_Egbò

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan bàbá o. Egbò kan wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ 21 péré, PSA á wálẹ̀ sí 1. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ará_Láàbù

Ẹ̀gbọ́n Ewé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kí PSA wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé àìsàn lọ. Finasteride tí wọ́n ń lò fún prọ́sítéètì tó tóbi máa ń gé PSA sí ìdajì láàárín bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí jẹjẹrẹ bá sì wà níbẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, a máa ń sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì ká tó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀. Oògùn ewé kan wà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1990, PC-SPES lorúkọ rẹ̀. Lóòótọ́ ni PSA ń wálẹ̀, àwọn tó ń lò ó ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, oògùn òyìnbó ni wọ́n bá nínú rẹ̀: DES tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mónù obìnrin, pẹ̀lú warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2002. Ti saw palmetto tí wọ́n ń tà káàkiri náà, wọ́n fi wé oògùn irọ́ fún ọdún kan gbáko nínú ìwádìí tó jáde ní 2006, kò sí ìyàtọ̀.

Bàbá Àdùkẹ́ ti há ìtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ ti padà sẹ́yìn dé kíndìnrín. Àsìkò yìí kọ́ ló yẹ ká máa bu àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Ohun kan tún wà. Ẹ pín 11.3 sí ọ̀nà 94, ẹ ó rí 0.12. Prọ́sítéètì ńlá máa ń ṣe PSA púpọ̀. Àwọn dókítà máa ń fura jù tí ìpín yẹn bá ti kọjá 0.15. Kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún màmá.

Àdùkẹ́_Ògbó

Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ka èyí fún màmá lórí fóònù, wọ́n ti jẹun.

Ìdáhùn: kòkòrò wà nínú ìtọ̀, wọ́n ti fún wọn ní oògùn. Kíréátínì, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 160, wọ́n ní ó ga díẹ̀, àwọn á tún un ṣe. Egungun ò dùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ọkùnrin kú ní 2009, ẹ̀yìn dídùn ni wọ́n sọ pé ó pa wọ́n, ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan míì. Ti ìka yẹn ni wàhálà. Bàbá ní láyé àwọn, ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ àwọn ò ní fi ọwọ́ bọ ìdí àwọn.

BàbáÌbejì58

Ẹ bá mi kí bàbá yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní òun náà búra bẹ́ẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún sáyà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi gíríìsì sí i. Ìnira díẹ̀ ni, kì í ṣe ìrora. Ohun tó ń wá ni bóyá ó rọ̀ tí ó sì dán, tàbí bóyá ibì kan le, tàbí ó rí gbágungbàgun. Ibi tó sábà ń gba jẹjẹrẹ gan-an ni ẹ̀yìn prọ́sítéètì, ẹ̀yìn yẹn sì ni ìka ń kàn. Ìyẹn ni pé PSA lè wà nílẹ̀ kí ìka rí nǹkan, PSA sì lè ga kí ìka má rí nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe méjèèjì.

Wọ́n tún máa fún wọn ní ìwé ìbéèrè méje: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jí lóru, ṣé ẹ máa ń fipá tì í kó tó jáde, ṣé ó ń já, ṣé ó ń ṣe yín bí ẹni pé ó ṣì kù. Òdo sí márùn-ún ni ìkọ̀ọ̀kan, 35 ni àpapọ̀. Ẹni tó bá ní 7 sísàlẹ̀, ó fúyẹ́. Ẹni tó bá ti dé 20 sókè, ó le. Kí bàbá dáhùn fúnra wọn o. Ìyàwó mi ló dáhùn tèmi, ó fi kún un pé mo máa ń rẹ bàtà mi.

Ọmọ_Peckham

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, nínú ẹni mẹ́rin àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ẹnì kan ni jẹjẹrẹ prọ́sítéètì máa ń kàn nígbà ayé rẹ̀. Fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni. Ìdí tí Prostate Cancer UK fi ń rọ àwa dúdú pé ká lọ bá dókítà wa láti ọdún 45 nìyẹn, kì í ṣe 50.

Ohun tó yípadà níbí ni pé MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń ṣáájú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran wò báyìí. Tẹ́lẹ̀, PSA ga, wọ́n á kàn máa gún kiri. MRI máa ń fún ibi tó bá fura sí ní nọ́ńbà láti 1 dé 5. Tó bá jẹ́ 1 tàbí 2, wọ́n lè máa ṣọ́ ọ láìgún. Àdùkẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe é ní Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni tó gé ẹran kankan.

Àmọ́ mo ní ìbẹ̀rù kan. Ṣé òótọ́ ni pé tí abẹ́rẹ́ bá ti gún jẹjẹrẹ, ó ti tàn ká nìyẹn? Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Aṣọ́ru

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti tàn ká kí wọ́n tó wá gún un, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá di ẹ̀bi náà ru abẹ́rẹ́.

Ewu tí biopsy, ìyẹn gígé ẹran wò, ní gan-an ni kòkòrò, pàápàá èyí tí wọ́n bá gba ìdí ṣe, torí náà ni wọ́n fi ń fúnni ní oògùn apakòkòrò ṣáájú. Àwọn kan ń gba awọ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ìdí ṣe é báyìí, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́nà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, nínú àtọ̀ ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré. Ibà àti òtútù lẹ́yìn biopsy ló yẹ kí ẹni torí rẹ̀ sáré lọ sí ọsibítù.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn àgbà wa kì í sọ.

Òǹkàwé_Òṣogbo

Mò ń tẹ̀lé e.

Àdùkẹ́_Ògbó (ó padà wá lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀.

Wọ́n fún bàbá ní tamsulosin 0.4 mg, oògùn tó ń dẹ ẹnu àpò ìtọ̀, alaalẹ́, wọ́n yọ rọ́bà, ìtọ̀ ò jáde, wọ́n dá rọ́bà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tún yọ ọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n tọ̀. Ó ṣì ń kù nínú wọn díẹ̀, 180 mL ni sikáànù rí. Kíréátínì ti wálẹ̀. Òòyì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde lójijì, torí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀.

PSA kejì jẹ́ 7.9. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà ni dókítà (bàbá gbà níkẹyìn, BàbáÌbejì, ẹ ṣeun) fi ìka yẹ̀ wọ́n wò, ó ní apá ọ̀tún le níbì kan. MRI fún ibẹ̀ ní 4. Wọ́n ṣe biopsy. Nínú ẹran méjìlá tí wọ́n gé, méjì ní jẹjẹrẹ. Gleason 3+4=7.

Nítorí náà, méjèèjì ló wà. Dókítà mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán, abẹ́rẹ́ họ́mónù, ó ní ká lọ ronú ká padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ti gbé e jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ bàbá lọ́dàá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá físà Íńdíà.

Nọ́ọ̀sì_Aṣọ́ru

Àdùkẹ́, ẹ fara balẹ̀, máa kọ ọ́ gùn.

Gleason: ẹni tó wo ẹran náà lábẹ́ ẹ̀rọ wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe bàjẹ́ tó. 3 ni èyí tó rọjú jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ, 5 ló burú jù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. 3+4 túmọ̀ sí pé 3 ló pọ̀, 4 ló tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ 4+3, 7 náà ni àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó le ju ti bàbá lọ. Àwọn ìwé èsì tuntun máa ń fi ìpele 1 dé 5 kún un, ti bàbá yóò jẹ́ ìpele 2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni 4 yẹn? Tó bá kéré gan-an, wọ́n tilẹ̀ lè máa ṣọ́ ọ lásán: PSA lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, MRI, kí wọ́n sì tún un gé wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Kò sí iná lórí òrùlé. Wọ́n mú ọkùnrin 1,643 ní Bìrìtìkó tí jẹjẹrẹ wọn ò tíì jáde nínú prọ́sítéètì, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan gba ìtànṣán, àwọn kan ni wọ́n kàn ń ṣọ́. Èsì ọdún 15 jáde ní 2023. Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà pa. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn o, nítorí náà dókítà tó bá ń ṣọ́ ọkùnrin tiwa gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè gba oṣù kan tàbí méjì ronú láìsí pé nǹkan bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dàá: kì í ṣe ti bàbá. Ọkùnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti kúrò nínú prọ́sítéètì lọ sí egungun ni wọ́n ń ṣe é fún, torí họ́mónù ọkùnrin ni jẹjẹrẹ náà ń jẹ. Charles Huggins àti Clarence Hodges ló fi hàn ní 1941, Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1966. Àwọn abẹ́rẹ́ bíi Zoladex ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìgé nǹkan kan. Tí bàbá bá yan ìtànṣán, wọ́n lè fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kún un fún bí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni dókítà ní lọ́kàn, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù rèé. Ìṣòro méjì ni bàbá ní, èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lójoojúmọ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Prọ́sítéètì 94 mL tó ti há ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìtọ̀ ṣì ń kù, tí ẹ bá gbé e sábẹ́ ìtànṣán bẹ́ẹ̀, á wú, ìtọ̀ lè tún há. Nítorí náà tó bá jẹ́ ìtànṣán, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ la ọ̀nà ìtọ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tó yọ gbogbo prọ́sítéètì kúrò, ẹ̀ẹ̀kan náà ló yanjú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: ìtọ̀ lè máa jò fún oṣù díẹ̀, fún àwọn kan ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nǹkan ọkùnrin sì lè má dìde mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ìtànṣán náà ń ba èyí jẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ó tún lè mú ẹ̀jẹ̀ wá láti ìdí. Ẹ béèrè èyí níwájú màmá. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni.

BàbáÌbejì58

Ti pé wọ́n á la ọ̀nà ìtọ̀: èmi ni wọ́n ṣe TURP fún. Ojú nǹkan ọkùnrin ni wọ́n gbà wọlé, wọn ò la inú mi. Wọ́n ń fá prọ́sítéètì láti inú. Rọ́bà oníhò mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀, omi ń wọlé, omi pupa ń jáde, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Láti ọjọ́ náà, àtọ̀ kì í jáde síta mọ́, inú àpò ìtọ̀ ló ń padà sí. Adùn rẹ̀ ṣì wà, ẹni tó bá ń wá ọmọ nìkan ló yẹ kó ronú sí i. Àmọ́ tèmi ò tó 94. Èyí tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ laser, wọ́n sábà máa ń la ìsàlẹ̀ inú ni.

Alága_Maryland

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dàá yẹn, torí bí wọ́n ṣe ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló pa bàbá tèmi lára.

Jẹjẹrẹ wọn ti wọ egungun kí a tó mọ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wà, iṣẹ́ abẹ ráńpẹ́ láti yọ kórópọ̀n náà wà, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe ìyẹn. Èmi ń fi owó abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Tí owó bá pẹ́, abẹ́rẹ́ á pẹ́, ìrora á padà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìrora egungun dínkù débi pé wọ́n ń rìn lọ sí mọ́sálááṣí. Ooru máa ń mú wọn lójijì, ara wọn sanra, egungun náà máa ń di ẹlẹgẹ́, ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fúnni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, bàbá ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ka èyí tí ti bàbá rẹ̀ ti tàn ká: ìtọ́jú gidi ni. Ó sì ti ní àfikún báyìí, oògùn oníhóró bíi abiraterone àti enzalutamide, àti kẹ́mò docetaxel.

Tí ẹsẹ̀ ẹni tó ní in bá ń rọ lójijì, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò sì mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń jáde, egungun ẹ̀yìn ló ń tẹ iṣan. Pàjáwìrì ni. Wákàtí ni ẹ ń kà níbẹ̀.

Ti àṣírí náà: Lloyd Austin, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà níbí nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ní December 2023, ààrẹ tó ń bá ṣiṣẹ́ gan-an ò mọ̀ títí di January. Ọkùnrin dúdú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún 70 nígbà náà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi pamọ́, kí la fẹ́ sọ sí ẹ̀gbọ́n bàbá Àdùkẹ́ tí wọ́n ní ẹ̀yìn ló pa?

Ọmọ_Peckham

Ẹ̀yìn dídùn tó pa ọkùnrin àgbà. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ púpọ̀ nílé.

Ará_Láàbù

Lórí Íńdíà: Àdùkẹ́, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gba búlọ́ọ̀kù àti sílááìdì biopsy yẹn, ìyẹn ẹran tí wọ́n gé, lọ́wọ́ láàbù. Ẹ kọ̀wé béèrè fún un. Ẹ gbé e fún onímọ̀ míì tó ń wo ti prọ́sítéètì dáadáa, ní Nàìjíríà tàbí kí ẹ̀gbọ́n yín bá yín wá ẹnì kan ní Houston. Láti 3+4 sí 4+3, tàbí sí 3+3, ojú ẹni tó wò ó ló ń yí i padà nígbà míì, ìtọ́jú á sì yí padà tẹ̀ lé e. Ẹran náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rìnrìn àjò, kì í ṣe bàbá.

Ti ìtànṣán, UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH náà sì wà ní Ìdí-Àràbà láti 2019. Ẹ pe fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn àti iye ènìyàn tó wà lórí ìlà. Ìtànṣán tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá dúró láàárín kò dára.

Àdùkẹ́_Ògbó

Mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè mí, ó ní ta ni Nọ́ọ̀sì_Aṣọ́ru. Ó gbà pé kí sílááìdì kọ́kọ́ lọ. Bàbá ní tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ kan ni yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rọ́bà, kí wọ́n ṣe é. Màmá ní kí wọ́n dúró ná. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ bá dókítà, gbogbo wa. Máa kọ ìbéèrè sínú ìwé.

Nọ́ọ̀sì_Aṣọ́ru

Ẹ fi èyí kún un: iṣẹ́ abẹ yìí, mélòó ni dókítà fúnra rẹ̀ ń ṣe lọ́dún? Ẹ má tijú. Dókítà tó dáńtọ́ ò ní bínú sí i.

Òǹkàwé_Òṣogbo

Èmi tí mo ń tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 41 ni mí, wọ́n rí ti bàbá mi lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní àmì kankan, mò ń tọ̀ geere. Ṣé kí n lọ ṣe PSA ni àbí kí n dúró di 50?

Ọmọ_Peckham

Ẹ má dúró di 50. Bàbá yín ní in, ẹ sì jẹ́ dúdú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní kí irú yín bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti 45, tó bá ju ẹnì kan lọ nínú bàbá àti ọmọ ìyá, láti 40. Ẹ béèrè nípa ìhà màmá yín náà: jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé ẹyin láàárín àwọn obìnrin. Àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí wọ́n ń pè ní BRCA2 máa ń kan ọkùnrin pẹ̀lú.

Pé ẹ ń tọ̀ geere kò sọ nǹkan kan. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ kì í sábà yọ ìtọ̀ lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ará_Láàbù

Tí ẹ bá fẹ́ wá fa ẹ̀jẹ̀: ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má bá ìyàwó sùn, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Tí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ sún un síwájú. Láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé èsì àkọ́kọ́ yẹn, òun la ó máa fi wé èyí tó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lo oògùn kí irun má pá: tó bá jẹ́ finasteride 1 mg, òun náà ń gé PSA sí ìdajì. Ẹ sọ fún wa kó tó di pé a tẹ èsì.

Òǹkàwé_Òṣogbo

Ha. Mò ń lò ó o.

Ará_Láàbù

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má dá a dúró torí àyẹ̀wò.